Ẹ Tú Àwo Oúnjẹ Sílẹ̀ Nínú Gíláàsì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ àwo ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má fi rẹ́rìn-ín. Owó tí àwọn kan ń ná sórí àwo nínú ilé Mùsùlùmí lóde òní ti kúrò ní ohun ẹ̀rín.

Àwo tí à ń wí kì í ṣe àwo irin tí àwọn ìyá wa fi ń bu àmàlà, kì í sì ṣe àwo ráábà. Àwo tánganran àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Jàpáànù láti kó lọ tà ní òkè òkun, tí orúkọ Noritake sì lókìkí jù lọ nínú wọn. Ẹni tí ó bá ti gbé ọ̀kan lọ́wọ́ rí mọ ohun tí a ń sọ. Ó fúyẹ́, ó funfun, bí a bá sì gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, a ó máa rí òjìji ìka wa láti ẹ̀yìn rẹ̀. Wúrà tín-ín-rín yí etí rẹ̀ po, òdòdó wà lára rẹ̀. Ó dára, a kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Bí ó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa ni pé àwọn oníṣòwò tòkúnbọ̀ ń kó o mọ́ àga àti fìríìjì nínú kọ̀ǹténà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ, wọn a fi aṣọ wé e, wọn a kì í bọ inú àpótí. Ẹ wo ẹni tí ó fẹ́ rà á. Kò ní kọ́kọ́ wo ojú àwo. Ìdí rẹ̀ ni yóò dà kọ, bí ẹni tí ń ya ẹnu àgbò Iléyá láti ka eyín rẹ̀, kí ó lè rí òǹtẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ṣé “Nippon” ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, àbí “Japan”, àbí “Occupied Japan”? Bí ó bá ti rí òǹtẹ̀ tí ó ń wá, ó parí. Láti ọjọ́ náà ni àwo ti wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ so mọ́ ìdí ìyá ilé. Àlejò dé, àwo ráábà ni wọ́n fi gbé oúnjẹ fún un. Yóò máa jẹun, yóò sì máa wo àwo gidi nínú gíláàsì bí ẹni ń wo sinimá.

Ohun tí a wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àwo oúnjẹ, oúnjẹ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí ó bá rà á, kí ó fi jẹun, kí ó fi gbàlejò, kí ó sì yá aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí owó rẹ̀ wà nínú àpò.

A mọ̀ pé àwọn oníwàásí kan yóò fẹ́ kí a sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn yóò fẹ́ kí a sọ pé ohun tí ọwọ́ kèfèrí ṣe ni, kí a kúkú pè é ní hàráámù kí ọ̀rọ̀ ó tán. A kò bá wọn lọ síbẹ̀. Tánganran Jàpáànù ti wọ ilé Mùsùlùmí láti ayé àwọn baba ńlá wa. Ní ọdún 1659, nígbà tí ogun abẹ́lé ti dí ọ̀nà tánganran ti ilẹ̀ Ṣáínà, ilé iṣẹ́ òwò àwọn ará Họ́láńdì bẹ àwọn amọ̀kòkò ìlú Arita ní Jàpáànù ní iṣẹ́ àwo àti ife tí ó lé ní 50,000, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọjà Mocha ní ilẹ̀ Yemen, ìlú Mùsùlùmí tí gbogbo ayé ti ń ra kọfí nígbà náà. Ní ààfin Topkapi ní Istanbul, àwo Jàpáànù wà nínú ìṣúra àwọn Sùlútáánì títí di òní yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn oníwàásí wa sinmi. Àríyànjiyàn tiwa kò sí lórí ibi tí àwo ti wá. Ohun tí ẹ ń fi àwo ṣe ni a ń bá yín jà sí.

Àwọn akáwojọ (ẹ jẹ́ kí a máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀) fẹ́ràn láti máa ka ìtàn àwo wọn fún àlejò. Ó dára, àwa náà yóò ka ìtàn náà, ṣùgbọ́n a ó kà á dé òpin.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Kòríà ni Jàpáànù ti kọ́ iṣẹ́ tánganran. Nígbà tí Hideyoshi gbógun lọ sí Kòríà láàrin ọdún 1592 sí 1598, wọ́n kó àwọn amọ̀kòkò ní ìgbèkùn wá sí Jàpáànù. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Ri Sampei, ni ìtàn sọ pé ó rí amọ̀ funfun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ní òkè Izumiyama ní Arita, ní nǹkan bí ọdún 1616. Apá ibi ìgbèkùn yìí kì í sábà sí nínú ohun tí wọ́n ń kà fún àlejò.

Ti Noritake yàtọ̀, òwò ọjà ni tirẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1876 ni Ichizaemon Morimura àti àbúrò rẹ̀ Toyo dá òwò sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n dúró ní Tokyo, àbúrò lọ sí New York. Ohun ọ̀ṣọ́ Jàpáànù ni wọ́n ń tà fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ìkòkò òdòdó aláràbarà wà nínú rẹ̀, owó sì ń wọlé. Ní ọdún 1893, wọ́n ṣe àfihàn ọjà gbogbo àgbáyé ní Chicago, àwọn ènìyàn Morimura sì rí àwo funfun tí àwọn ará Yúróòpù kó wá síbẹ̀. Wọ́n padà wo tiwọn. Amọ̀ tiwọn ní dúdú díẹ̀ nínú, kò mọ́ bí ti òyìnbó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo funfun. Ní ọdún 1904 wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ sí abúlé kan tí ń jẹ́ Noritake lẹ́bàá Nagoya. Orúkọ abúlé náà ni àwo ń jẹ́ títí di òní. Ìkòkò kò ṣòro fún wọn, ife kò ṣòro. Àwo pẹrẹsẹ ńlá tí a fi ń jẹun gan-an ni kò gbà. Bí wọ́n bá kì í bọ ààrò, iná a mú un, àárín rẹ̀ a sì tẹ̀ wọlé. Ọdún 1914 ni wọ́n tó ṣe odidi àwo oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ó pé tí ó sì bára mu, tí wọ́n pè ní “Sedan”.

Ogún ọdún ó lé kan, ẹ̀yin ọ̀dọ́, nítorí àwo pẹrẹsẹ! Kí ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń wá? Àwo tí ìyá ilé kan ní Amẹ́ríkà lè gbé síwájú ọkọ àti ọmọ ni, tí yóò dúró lórí tábìlì láìmì, tí a lè tò lé ara wọn lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ohun à-ń-wò ni wọ́n fẹ́ ṣe, ìkòkò òdòdó tí wọ́n ti ń tà fún ọ̀pọ̀ ọdún ti tó wọn. Wọ́n fi ohun à-ń-wò sílẹ̀, wọ́n sì fi ogún ọdún wá ohun à-fi-ń-jẹun. Ẹ̀yin wá gba ohun à-fi-ń-jẹun náà, ẹ sọ ọ́ di ohun à-ń-wò padà. Ṣé ẹ rí i pé ẹ ń tú iṣẹ́ oníṣẹ́ ká?

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ ti “Azalea”. Irú òdòdó kan ni azalea, òdòdó aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ kùn sára àwo Noritake kan, àwọn akáwojọ sì ń lé e kiri bí ẹni lé ológbò. Ta ni wọ́n ṣe é fún? Ilé iṣẹ́ kan wà ní Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York tí ń jẹ́ Larkin. Ọṣẹ ni wọ́n ń tà. Ẹni tí ó bá ra ọjà wọn, wọn a fún un ní ẹ̀bùn. Àwọn obìnrin a wá kó ara wọn jọ ní mẹ́wàá mẹ́wàá, olúkúlùkù a dá dọ́là kan lóṣù, wọn a fi dọ́là mẹ́wàá náà ra ọṣẹ, tíì àti èròjà ọbẹ̀, wọn a pín ọjà láàrin ara wọn, ẹ̀bùn oṣù náà á sì jẹ́ ti ẹnì kan. Lóṣù kejì ó di ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Àjọ ni, ẹ̀yin ará! Àjọ tí àwọn ìyá yín ń dá ní ọjà gan-an ni. Láàrin ọdún 1920 sí nǹkan bí 1939, Azalea wà nínú ẹ̀bùn tí Larkin ń pín. Obìnrin a gba ife lóṣù yìí, a gba ọpọ́n ọbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, títí àwo rẹ̀ yóò fi pé. Lójoojúmọ́ ni wọ́n fi ń jẹun, ọmọ ń fọ́ ọ, wọ́n ń gba òmíràn.

Èyí ni ìṣúra yín o. Ọṣẹ ni ó mú un wọlé. Ìyàwó òṣìṣẹ́ tí kò ju dọ́là kan lọ tí ó lè yọ lóṣù jẹun nínú rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní jẹnẹrétọ̀ méjì kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀wà nínú rẹ̀ nítorí pé ó níyì jù yín lọ.

Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ ni ó tilẹ̀ ń yà wá lẹ́nu jù. Ẹ jẹ́ kí a tú u, nítorí àwọn ọ̀dọ́ kan rò pé adé ọba ni ó wà nídìí àwo. Ní ọdún 1890 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin owó orí ọjà tí wọ́n fi orúkọ McKinley pè, tí ó fi di dandan láti ọdún 1891 pé kí ọjà ilẹ̀ òkèèrè máa gbé orúkọ ilẹ̀ tí ó ti wá sára. Àwọn ará Jàpáànù kọ “Nippon”, bí àwọn fúnra wọn ti ń pe ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 1921, ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé èdè Jàpáànù ni “Nippon”, pé kí wọ́n máa kọ “Japan” kí àwọn lè kà á. Wọ́n bá yí i padà. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń ṣàkóso ilẹ̀ Jàpáànù títí di 1952, wọ́n kọ “Occupied Japan” sára púpọ̀ nínú ọjà tí ń jáde. Gbogbo rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òǹtẹ̀ tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń béèrè ní èbúté ni.

Ẹ wá wò ó. Àwo kan jáde láti inú ààrò kan ní 1920, “Nippon” wà nídìí rẹ̀. Òmíràn jáde láti inú ààrò kan náà ní 1922, ọwọ́ kan náà ni ó kùn ún, “Japan” sì wà nídìí tirẹ̀. Akáwojọ yóò fi ọ̀wọ̀ wúrà wọ ti àkọ́kọ́, yóò sì yínmú sí èkejì. Kí ni ó ń rà nígbà náà? Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ni, àbí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù?

Nítorí pé òǹtẹ̀ ni wọ́n ń rà, òǹtẹ̀ náà ni àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Àmì kan wà tí àwọn Morimura ń lò, lẹ́tà “M” tí ewé yí ká, M ti orúkọ Morimura. Àwọn kan ti ṣe àwo tuntun, wọ́n fi irú àmì yẹn sí i, wọ́n kọ “Nippon” sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tà á ní owó àtijọ́. Nínú àwọn ayédèrú kan, ẹni tí ó ṣe é kò tilẹ̀ mọ̀ pé lẹ́tà ni M. Ó ya nǹkan kan tí ó dà bí ago oníyanrìn síbẹ̀. Àwọn ènìyàn sì rà á. Ẹ̀yin ọmọ ilé kéú kò ní ṣàì rántí ìtàn oníṣòwò oúnjẹ tí Ànábì ti ọwọ́ bọ ọkà rẹ̀ ní ọjà, tí ó bá omi nísàlẹ̀. A kò ní tún un sọ.

Ẹ fi ti àwọn ayédèrú yìí wé ohun tí Noritake fúnra rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ogun, ohun èlò kò pé, àwọn oníṣẹ́ kò pé, àwo tí ń jáde kò sì dára tó ti tẹ́lẹ̀. Láàrin 1946 sí 1948, wọn kò fi orúkọ Noritake sí i. “Rose China” ni wọ́n kọ sídìí rẹ̀, títí iṣẹ́ wọn fi padà bọ̀ sípò. Ọjà ń fẹ́ orúkọ wọn, ebi sì wà nílùú, síbẹ̀ wọn kò fi orúkọ rere ta iṣẹ́ tí kò dára. Kí àwa tí a ń kírun márùn-ún lóòjọ́ fi èyí sọ́kàn.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa ní èsì tí wọ́n ń fọ̀ fún wa. Wọ́n ní, “Àáfà, owó ni a fi pamọ́ síbẹ̀. Bí ó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni iye rẹ̀ ń lọ sókè.” Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ní Amẹ́ríkà tí àwo wọ̀nyí pọ̀ sí jù, àwọn àgbàlagbà ń kú, àwọn ọmọ wọn kò fẹ́ odidi àwo tí a fi ń gbàlejò mọ́, wọ́n ń fi í tọrẹ, wọ́n ń tà á ní gbàǹjo. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i rà ní Lọ́ńdọ̀nù ní owó táṣẹ́rẹ́! Ohun tí ó bá ń wọ́n sí i kì í wà nínú àpótí tọrẹ-àánú. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Greensboro ní North Carolina, Replacements ni orúkọ rẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ra àwo tí wọn kò ṣe mọ́, kí wọ́n sì tà á ní ẹyọ ẹyọ. Ta ni oníbàárà wọn? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí àwo rẹ̀ fọ́ tí ó fẹ́ kí iye rẹ̀ pé padà. Ẹni tí ń jẹun nínú àwo ni ó ń gbé ọjà àwo dúró.

Bí ẹ bá sì takú pé òwò ni, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ sàká. Ohun èlò ilé tí a ń lò kò ní sàká. Ṣùgbọ́n ọjà tí ènìyàn rà pẹ̀lú èrò àtità, tí ó sì ń dúró de ìgbà tí yóò wọ́n, ní ọ̀nà Màlíkì tí àwa ń tọ̀, ọjọ́ tí ó bá tà á, tí owó rẹ̀ sì tó ìwọ̀n, yóò yọ sàká ọdún kan nínú rẹ̀. Àwọn akáwojọ ti bi wá nípa bí a ṣe ń fọ àwo onígóòlù, wọ́n ti bi wá nípa bí a ṣe ń mọ ayédèrú. Kò tíì sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó bi wá nípa sàká rẹ̀. Òwò wo ni ó di òwò nígbà tí ìyàwó ń béèrè owó ọbẹ̀, tí ó sì di ohun èlò ilé nígbà tí sàká dé?

Ọ̀rọ̀ ogún náà wà níbẹ̀. Ìyá kú, ó fi odidi àwo ènìyàn 12 sílẹ̀. A ó pín in bí ìwé ti wí, ọkùnrin ìlọ́po méjì obìnrin. Àwo tí a bá pín báyìí kò pé mọ́, èyí tí kò pé kò sì lówó lórí. A ti rí ọmọ ìyá kan náà tí wọn kò kí ara wọn mọ́ nítorí ìkòkò tíì.

Èsì kejì tí wọ́n ń fọ̀ ni ti ẹwà. Wọ́n ní Ọlọ́hun fẹ́ràn ohun tí ó dára. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹwà tí a tì mọ́ inú gíláàsì, ta ni ó ń gbádùn rẹ̀? Àti pé níwọ̀n bí ẹ ti fa ọ̀rọ̀ ẹwà yọ, ẹ jẹ́ kí a wo wúrà tí ó wà ní etí rẹ̀. Ẹ ti kà á ní ilé kéú pé a kò gbọ́dọ̀ jẹ, a kò sì gbọdọ̀ mu, nínú àwo wúrà àti fàdákà. Ọ̀pọ̀ dúró níbẹ̀. Nínú Mukhtasar ti Khalil, ìwé tí àwọn olùkọ́ wa fi tọ́ wa, ó kọjá jíjẹ àti mímu: níní àwo wúrà àti fífi pamọ́ lásán náà kò tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin ni ó ni ín. Ẹ ṣàkíyèsí, ìkójọ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí, láìtíì dé orí oúnjẹ. Ní ti àwo tí a kàn fi wúrà kùn, ìwé kan náà sọ pé ohùn àwọn onímọ̀ pín sí méjì lórí rẹ̀. Etí Noritake bọ́ sí abẹ́ èyí. A kò ní sọ pé hàráámù ni, nítorí kò tọ́ kí a di ohun tí àwọn àgbà fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ọkàn pẹ̀lẹ́ yóò yan èyí tí kò ní wúrà. Azalea tí à ń wí àti ọ̀pọ̀ mìíràn, ti wúrà tí ó wà lára wọn kò tó ohun tí à ń pariwo lé, àwọn aláìníwúrà rárá sì pọ̀ ní ọjà. Ẹni tí ó bá sì ní èyí tí etí rẹ̀ jẹ́ wúrà, kí ó má gbé e sínú mákíróòfù o, iná ni yóò máa tàn yanran nínú rẹ̀. (Ti “bone china”, tí wọ́n ń fi eérú egungun ẹran sínú amọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, a ó yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mìíràn.)

Ẹnì kan yóò wí pé, “Àáfà, ẹ ní kí a fi jẹun, ṣé ẹ kò gbọ́ ti òjé?” A gbọ́. Àwọn àwọ̀ àti omi dídán tí wọ́n fi ń bo àwo àtijọ́ lè ní òjé nínú, pàápàá èyí tí wọ́n kùn lé orí dídán rẹ̀. Oúnjẹ kíkan, tòmátì, ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, a máa fà á jáde, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì dára fún aláboyún. Àárín ọdún 1970 sí 1979 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdíwọ̀n lé iye òjé tí ó lè jáde lára àwo. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ẹ ń lé kiri ti dàgbà ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, ẹ má bu ọbẹ̀ ata sínú àwo tí òdòdó kún ojú rẹ̀, ẹ má sì tọ́jú oúnjẹ mọ́jú sínú rẹ̀. Ẹ fi gbé dàbínù, ẹ fi gbé búrẹ́dì àti ẹ̀pà. Èyí tí àárín rẹ̀ funfun, tí òdòdó wà ní etí nìkan, sàn ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kí a má fi fún ọmọ kékeré. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òjé bojú. Kí a tó dárúkọ òjé ni ẹ ti tì í mọ́lé, ẹ̀rù pé yóò fọ́ ni ó ń bà yín.

Yóò fọ́ ni. Àwo a máa fọ́. Nínú ilé Ànábì fúnra rẹ̀, àwo fọ́: ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ fi oúnjẹ ránṣẹ́, èkejì jowú, ó gbá a lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e wá, àwo sì pín sí méjì níwájú àlejò. Kí ni ó ṣe? Ó kó àfọ́kù jọ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó ṣa oúnjẹ sínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹun, ó sì fi àwo odidi rọ́pò àfọ́kù fún ẹni tí ó ni ín. Kò nà ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ ọ̀dọ̀ tí àwo Noritake bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé yín, kí ni ẹ ṣe fún un?

Súrà kan wà tí gbogbo ọmọ kéékèèké ilé kéú mọ̀, al-Māʿūn. Ẹ bi wọ́n kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Àwọn onítúmọ̀ ìṣáájú ṣàlàyé rẹ̀ pé ohun èlò tí àwọn ará ilé máa ń yá ara wọn ni: ìkòkò, garawa, àáké. Títí di òní, ní ilẹ̀ Lárúbáwá púpọ̀, bí ẹ bá sọ pé māʿūn, àwo ni wọn yóò gbé wá fún yín. Ìparí súrà náà sì jẹ́ ìbáwí fún àwọn tí ń fi í du ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ti kọ́ ọmọ yín láti ka súrà náà sórí, ó ń kà á ní pálọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ààwẹ̀ ń bọ̀. Àwọn opó wà ní àdúgbò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ilé kéú tí wọ́n ń fi ọ̀rá ìpàkájà ṣínu. A ń bẹ gbogbo ìyá ilé tí ó ní àwo wọ̀nyí pé kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ní ọjọ́ kìíní, kí wọ́n fi wọ́n gbé dàbínù lọ sí mọ́sáláásí. Ẹ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi àkísà sáàrin wọn bí ẹ bá ń tò ó. Kí wọn má bàa sọnù, ẹ ṣe bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe sí abọ́ tí wọ́n ń yá ara wọn fún wòlímá: ẹ fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ yín sí ìdí rẹ̀. Ìyá Ràímì, Ìyá Sílífátù, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ “Nippon” gan-an. Akáwojọ yóò kígbe pé ẹ ti bà á jẹ́, pé kò lè tà mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó kígbe.